Elégédé Tí Mo Gbé Sẹ́nu Ọ̀nà Tíṣà

Ojúlé Kejìlá, Òpópónà Kànga,
Torrehigos.
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kejì, ọdún 1964.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Anselmo,

Mo kí yín tọkàntọkàn láti ilé dé Jámánì. Ṣé òtútù ibẹ̀ ò tíì wọ inú eegun yín? Kí Ọlọ́run jẹ́ kí lẹ́tà yìí bá yín lórí ìdúró, kí ó má bá yín lórí ibùsùn. Bí ẹ bá bèèrè wa, a wà láàyè, à ń jẹun, ìyá wa sì ń bínú déédéé, èyí tó fi hàn pé ara wọn le. Ìrora tó wà ní orúnkún wọn ọ̀tún ti ṣí lọ sí òsì. Dókítà ní ìtẹ̀síwájú nìyẹn. Mo dúpẹ́ fún ẹ̀wù òtútù tí ẹ fi ránṣẹ́. Èmi àti ẹnìkan lè jọ wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí mo fẹ́ kí ó bá mi wọ̀ ọ́ ni ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà yìí dá lé lórí.

Ẹ bèèrè pé nígbà wo ni èmi àti Rosenda máa ṣe ìgbéyàwó, kí ẹ lè tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá yín nílé iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì tọrọ ohunkóhun. Ẹ jókòó, kí ẹ kà á dé ìsàlẹ̀. Ẹ má sì kà á sókè létí Basilio tí ẹ jọ ń gbé yàrá, torí ohun tó bá wọ etí Basilio láàárọ̀, Torrehigos á gbọ́ ọ lálẹ́, bí ó tilẹ̀ wà ní Jámánì.

Ẹ mọ̀ pé ó pé ọdún méjì gbáko tí mo ti ń tu tòlótòló lójú fèrèsé Rosenda. Bí ilé wa ṣe ń sọ ọ́ náà nìyẹn: ọkùnrin á dúró síta, obìnrin á dúró nínú ilé, irin fèrèsé á wà láàárín wọn, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ títí ẹsẹ̀ ọkùnrin á fi kú tipiri, àwọn èèyàn á sì máa kọjá, wọ́n á ní, "Ẹ wò wọ́n, wọ́n ń tu tòlótòló." N ò bèèrè rí pé tòlótòló wo. Ẹni tó ń tu ìyẹ́ kì í bi ẹyẹ léèrè orúkọ.

Àǹtí Eduvigis, tó tọ́ Rosenda láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti kú, a máa jókòó sínú igun yàrá lẹ́yìn rẹ̀, a máa rán aṣọ fún àwọn ère ẹni mímọ́ inú ṣọ́ọ̀ṣì, a sì máa ṣọ́ wa. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ẹni tó bá ń ṣọ́ àwọn àfẹ́sọ́nà, ìbọn là ń pè é. Àǹtí ni ìbọn ilé yẹn. Bí mo bá ki ọwọ́ kọjá irin dé ọrùn ọwọ́, ìbọn á wúkọ́. Bí mo bá ki í dé ìgbúnwọ́, ìbọn á dìde.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni Rosenda ti là á mọ́lẹ̀ fún mi. Ó ní, "Crispín, mo fẹ́ ọ. Àmọ́ ọkùnrin mẹ́ta ni àǹtí mi lé dànù nítorí kí wọ́n lè tọ́ mi. N ò ní jáde kúrò nínú ilé yìí kí n fi wọ́n sílẹ̀ káwọn àti ère máa bára wọn sọ̀rọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá rí ẹni tiwọn, ọjọ́ yẹn ni kí o wá tọrọ mi." Mo ní ó dára. Àǹtí jẹ́ ẹni ọdún mọ́kànlélógójì, ohùn wọn sì le ju ti Fadá lọ. Mo gbà lọ́kàn mi pé a ó tu tòlótòló náà dé eegun.

Ní oṣù kẹwàá ni wọ́n gbé tíṣà tuntun wá. Leandro lorúkọ rẹ̀. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń lo awò ojú, àríwá ló ti wá, níbi tí òjò ti ń rọ̀ lójoojúmọ́ tí wọn kì í sì í pariwo. Ó ní ìwé àkọsílẹ̀ kan tó ní èèpo dúdú, nínú èyí tó ń kó àwọn ọ̀rọ̀ tí àwa èèyàn ń sọ nípa ìfẹ́ jọ sí: ohun tí wọ́n túmọ̀ sí, àti ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀. Ó bi Fadá pé ta ló mọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jù. Fadá ní kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n tó Àǹtí Eduvigis. Ìlú tó jẹ́ pé obìnrin tí kò lọ́kọ rí ló mọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ jù, tó sì jẹ́ pé Fadá ló mọ̀ pé ó mọ̀ ọ́n, ìlú wa nìyẹn.

Bí tíṣà ṣe wọ ilé náà nìyẹn o. Ẹ̀gbọ́n, mo ní inú ilé! Èmi tí mo ti ń fẹ́ ọmọ fún ọdún méjì wà níta nínú atẹ́gùn. Ẹni tó wá bèèrè ohun tí ìfẹ́ túmọ̀ sí wà lórí àga, ó na ẹsẹ̀ sábẹ́ tábìlì níbi tí ìkòkò èédú gbígbóná wà, kọfí ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, àkàrà olóyin ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ Rú àti ọjọ́ Ẹtì ló ń wá. Àwọn ọjọ́ tèmi gan-an nìyẹn.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ tòlótòló ló kọ́kọ́ tú. Ó ní ọmọ ọ̀dọ̀ kan ni ọ̀gá rẹ̀ obìnrin rán pé kí ó tu ìyẹ́ tòlótòló. Ọmọbìnrin náà gbé ẹyẹ lọ sójú fèrèsé, ó bá olólùfẹ́ rẹ̀ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ wá gùn. Ọ̀gá ń pè é láti inú ilé, ó ń dáhùn pé, "Mo ń bọ̀, mà, tòlótòló ni mo ṣì ń tu!" Títí di òní yìí, tòlótòló náà ò tíì dé inú ìkòkò. Rosenda rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n, mo mọ gbogbo ẹ̀rín Rosenda. Mo mọ èyí tó ń fi rẹ́rìn-ín sí mi, mo mọ èyí tó fi ń fi mí ṣe ẹlẹ́yà. N ò mọ èyí.

Ní ọjọ́ náà gan-an ni ọkùnrin yìí tún la ẹnu, tó bèèrè lọ́wọ́ Àǹtí fúnra wọn ìdí tí àwọn èèyàn fi ń sọ nípa obìnrin tó bá ti kọjá ọjọ́ orí ìgbéyàwó, pé "ó ti kù sílé láti máa wọṣọ fún ẹni mímọ́." Bẹ́ẹ̀, abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ wọn, aṣọ ẹni mímọ́ wà lórí itan wọn. Èmi níta gan-an fà sẹ́yìn lára irin. Mo ní ó ti parí fún un lónìí, ìbọn á dún. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ohùn Àǹtí láti igun, wọ́n ní, "Tíṣà, ẹni mímọ́ kì í ráhùn pé oúnjẹ kò níyọ̀." Tíṣà bú sẹ́rìn-ín débi pé ó ní láti bọ́ awò ojú rẹ̀ nù. Mo sọ fún ara mi pé, ẹni tó ń rẹ́rìn-ín tó báyẹn nílé àfẹ́sọ́nà mi, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ni ó wá kó jọ.

Ìyá wa ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́ fún. Wọ́n ń já ewébẹ̀, wọn ò gbójú sókè. Wọ́n ní, "Òjòwú ò lẹ́ran láyà. Ìwọ gan-an ò sì lẹ́ran níbikíbi tẹ́lẹ̀. Lọ jẹun."

N ò jẹun. Ẹ mọ̀ pé ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ni mo lọ, wọ́n kọ́ mi láti máa wọn nǹkan kí n tó sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Mo wọn ohun tí ojú mi ń rí. Láti ibi tí mo ń dúró sí, nínú àga mẹ́rin tó wà nínú yàrá yẹn, méjì àtààbọ̀ ni irin àti ògiri ń jẹ́ kí n rí. Mo ń rí tíṣà. Mo ń rí ẹ̀yìn Rosenda nígbàkígbà tó bá yípadà. N ò rí igun. Mo sì rí i kedere pé ojú ọkùnrin yìí kì í kúrò ní apá ibì kan, pé ojú náà ń tàn bíi gílóòbù tí iná rẹ̀ pọ̀ jù. Apá ibẹ̀ ni Rosenda ń gbà kọjá tó bá fẹ́ lọ bu kọfí. Mo fi ìlà fa gbogbo rẹ̀ sórí bébà. Ó pé pérépéré. Bí mo ṣe máa ń wọn nǹkan nílé ìfún-òróró náà nìyẹn, ẹ̀rọ ibẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe bá a títí tí òtútù fi mú gan-an. Lọ́jọ́ kan, wọ́n sọ̀rọ̀ nípa ọkùnrin tó bá kọnu sí obìnrin, tí wọ́n ń sọ pé "ó ń ju irin sí i." Tíṣà ní inú eré irin jíjù ló ti wá, pé àwọn ọ̀dọ́kùnrin a máa mọ̀ọ́mọ̀ ṣi irin pẹlẹbẹ náà jù kí ó lè bọ́ sẹ́bàá ẹsẹ̀ obìnrin tó wù wọ́n, kí wọ́n lè rí ìdí lọ bá a sọ̀rọ̀. Àǹtí ní, "Mo mọ ọ̀kan nínú wọn. Èékánná ẹsẹ̀ mi ṣì dúdú." Ẹ̀gbọ́n, ẹ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ mọ̀ pé Rosenda ni mo ju ú sí. Atẹ́gùn ló gbé e.

Lọ́jọ́ mìíràn, ọ̀rọ̀ kan ọkùnrin tí obìnrin rẹ̀ ń yan àlè, tí wọ́n ń sọ pé wọ́n ti fi ìwo sí i lórí. Tíṣà ní ibi mẹ́ta ni wọ́n sọ pé ó ti wá: àwọn kan ní ti àwọn ọba àtijọ́ tó máa ń gbé ìwo àgbọ̀nrín kọ́ sẹ́nu ọ̀nà ilé tí wọ́n bá sùn sí, àwọn kan ní ti òbúkọ, àwọn kan ní ti ìtàn akọ màlúù kan. Ó ní òun ò tíì mọ èyí tó jẹ́ òtítọ́, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì ń jà nínú ìwé òun. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wo iwájú orí mi nínú dígí láràárọ̀ kí n tó fá irùngbọ̀n. Nígbà tí wọ́n kan ọ̀rọ̀ eruku, orúkọ tí a fi ń bo ohun tí ọkùnrin àti obìnrin ń ṣe lórí ibùsùn, Àǹtí ní kí Rosenda lọ pọn omi wá. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ omi wà nínú ilé. Ohun tí mo rí gbọ́ nínú rẹ̀ ni pé àwọn ọlọ́lá ayé àtijọ́ a máa tọrọ gááfárà níbi àríyá pé àwọn ń lọ fín áṣáà, wọ́n á sì padà dé tí bọ́tìnì wọn kò sí nínú ihò tiwọn mọ́. Àǹtí rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi wúkọ́. Ó yẹ kí ikọ́ yẹn ti yé mi. Kò yé mi.

Èyí tó pa mí ni ti ìlàjì ọsàn. Ẹ mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ là ń pe ẹni tí Ọlọ́run dá mọ́ni. Tíṣà ní ọlọ́gbọ́n ará Gíríìkì kan láyé àtijọ́ ló sọ pé róbótó ni ènìyàn nígbà ìwáṣẹ̀, pé wọ́n wá là á sí méjì nítorí ìgbéraga rẹ̀, pé láti ìgbà náà ni ìlàjì kọ̀ọ̀kan ti ń wá ìkejì rẹ̀ kiri ayé. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ nígbà tó sọ ọ́. Ó ní, "Àwọn kan a rìnrìn àjò láti àríwá dé gúúsù kí wọ́n tó rí i." Rosenda tó dúró sójú fèrèsé, tó kọ ẹ̀yìn sí i, pa ojú dé díẹ̀, ó mí kanlẹ̀. Mo bi í pé, "Kí ló dé tí o fi mí kanlẹ̀?" Ó ní, "Ọ̀rọ̀ náà dùn ni." Mo ní, "Ọsàn ni ó dùn bẹ́ẹ̀?" Ó ní, "Crispín, lọ sílé, ara rẹ ń gbọ̀n." Lóòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òtútù.

Elégédé ló kẹ́yìn. Tíṣà ní láti ayé àwọn ará Gíríìkì yẹn náà ni wọ́n ti gbà pé elégédé a máa paná ara, pé àwọn tó ń gbé ilé ìgbàdúrà a máa jẹ kóró rẹ̀ kí ọkàn wọn má baà ṣáko, pé ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ nípa obìnrin tó bá kọ ọkùnrin pé "ó fún un ní elégédé." Àǹtí wá ṣàlàyé àṣà tiwa fún un. Wọ́n ní, "Níbí, a kì í kàn fẹnu sọ ọ́. Bí ọkùnrin bá ní òun fẹ́ obìnrin, tí obìnrin ò fẹ́, wọ́n á gbé elégédé sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ó parí nìyẹn. Kò gbọdọ̀ bèèrè ìdí. Èyí tó bá bèèrè, kò lójútì." Mo gbọ́ tí bírò tíṣà ń họ bébà. Ó kọ gbogbo rẹ̀, ó tún bèèrè pé ṣé dandan ni kó má bèèrè. Àǹtí ní dandan ni.

Ní ọjọ́ Ajé tó gbẹ̀yìn oṣù kìíní, mo bá Rosenda lójú fèrèsé tí ojú rẹ̀ ń dán, tó ń jó lórí ìdúró. Tíṣà ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ní, "Tíṣà kọ lẹ́tà sí ilé wa." Mo ní, "Sí ta?" Ó ní, "Wọ́n ní kí n má sọ. Fara balẹ̀ di ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn Máàsì, ìgbà yẹn ni èsì máa jáde. Crispín, inú mi dùn ju bí mo ṣe lè sọ lọ." Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi ara yín sípò mi. Àfẹ́sọ́nà yín sọ fún yín pé ọkùnrin mìíràn kọ lẹ́tà sí ilé wọn, pé inú òun dùn ju bí òun ṣe lè sọ lọ, pé kí ẹ fara balẹ̀. Mo kí i pé ó dàárọ̀. Mo rìn lọ sílé. Iwájú orí mi ń yún mi.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ní aago mẹ́ta ọ̀sán, nígbà tí gbogbo Torrehigos ń sun oorun ọ̀sán, tó jẹ́ pé ajá àti èmi nìkan la lajú, mo gun òrùlé wa. Mo mú elégédé kan nínú èyí tí ìyá wa tò síbẹ̀, èyí tó tóbi jù, nítorí n ò fẹ́ kí ó ṣi ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Mo gbé e gba ẹ̀yìnkùlé, mo gbé e kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà tíṣà, mo fi apá tó rẹwà síwájú. Mo padà sílé, mo sùn. Ẹ̀gbọ́n, mo sùn dáadáa. Èyí ló ń tì mí lójú jù.

Ọjọ́ Rú, tíṣà ò wá. Mo tu tòlótòló lọ́jọ́ náà pẹ̀lú ayọ̀, mo ń súfèé. Rosenda ò gbọ́rọ̀ mi, ó kàn ń wo òpópónà. Ní ọjọ́ Bọ̀, wọ́n pè mí láti ilé Àǹtí pé kí n wá bá wọn tún iná ìta ṣe. Rosenda ni mo bá lójú fèrèsé, ojú rẹ̀ wú. Ó na bébà kékeré kan sí mi láàárín irin. Tíṣà ló kọ ọ́: "Mo ti gba èsì yín. Mo dúpẹ́ fún kọfí àti sùúrù. Bọ́ọ̀sì ọjọ́ Sátidé ni n ó bá lọ." Rosenda ní, "Èsì wo? Àǹtí mi ò tíì fèsì kankan!"

Mo ní, "Àǹtí rẹ?"

Ó ní, "Ta ni ìbá tún fèsì? Àwọn ló kọ̀wé sí. Àwọn ló ń wá wò láti oṣù kẹwàá, àbí o rò pé ọ̀rọ̀ tòlótòló ni? Bẹ́ẹ̀ ni ni wọ́n fẹ́ wí lọ́jọ́ Àìkú. Wọ́n ti rán kọ́là funfun mọ́ aṣọ wọn aláwọ̀ aró. Ní báyìí wọ́n ní ó ti yí ọkàn padà ni, pé ọ̀nà tí àwọn ará àríwá ń gbà sọ ọ́ nìyẹn, wọn ò sì ní sáré tẹ̀lé ọkùnrin tó ń di ẹrù. Àná ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ẹkún wọn láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi."

Ìbọn ló ń fẹ́, ẹ̀gbọ́n. Mo ṣọ́ ilé yẹn fún oṣù mẹ́rin, ìbọn ni olè wá gbé. Ojú tó ń tàn yẹn, igun tí n ò lè rí ló ń wò. Ọjọ́ tí Rosenda ní kí n dúró dè, ọjọ́ tí àǹtí rẹ̀ máa rí ẹni tiwọn, ti dé tán, èmi ni mo fi elégédé dí i lọ́nà. Rosenda ń wò mí. Ó ní, "Kí ló dé tí o dákẹ́?" Mo ní iná náà ti dára. Mo lọ.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ìyá wa sọ̀kalẹ̀ láti orí òrùlé. Wọ́n dúró síwájú mi, wọ́n di ọwọ́ mú ìbàdí. Wọ́n ní, "Elégédé mi kan ti rìn lọ. Èyí tó tóbi jù. Ṣé o gbọ́ ibi tó gbà?" Wọ́n wo ojú mi. Wọ́n ní, "Mo gbọ́ pé tíṣà ń lọ. Mo gbọ́ pé Eduvigis ò jáde. Ìwọ ọmọ yìí, ibi tó gbà, gba ibẹ̀ lọ, kí o lọ mú un padà wálé. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, má jẹun nínú ilé mi."

Ní òwúrọ̀ Sátidé, mo bá bọ́ọ̀sì ní gbàgede, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti ń kùn. Tíṣà wà lórí ìjókòó kẹta, àpò ìwé méjì wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, elégédé náà sì wà lórí itan rẹ̀, ó fi táwẹ̀lì wé e bí ọmọ tuntun. Mo ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀kalẹ̀." Ó ní, "Crispín, a kì í bèèrè ìdí." Mo ní, "Ẹ gbọ́, ìyá mi ló ni elégédé yẹn!" Tíṣà tún awò ojú rẹ̀ ṣe. Ó ní, "Ìyá rẹ? Ṣùgbọ́n n ò kọ̀wé sí ìyá rẹ."

Dẹ́rẹ́bà yíjú padà. Ó ní, "Tíṣà, ṣé ẹ ń lọ ni àbí ẹ ń fẹ́ ìyá rẹ̀? Mo ní ibi tí mò ń lọ!" Obìnrin kan tó gbé adìyẹ dání ní, "Ẹ jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dùn ni." Bí mo ṣe jẹ́wọ́ níwájú èèyàn mẹ́rìnlá àti adìyẹ mẹ́ta nìyẹn. Mo ní èmi ni mo gbé e síbẹ̀. Mo ní mo rò pé Rosenda ni. Mo ní mo ti wọn ọ́n. Nígbà tí mo parí, tíṣà mú ìwé dúdú rẹ̀ jáde, ó kọ ìlà kan sínú rẹ̀. Ó ní, "Elégédé láti ọwọ́ ẹlòmíràn. Èyí kò tíì sí nínú ìwé kankan." Lẹ́yìn náà ló fò sílẹ̀, tó ń sá lọ pẹ̀lú elégédé lábẹ́ apá. Èmi ni mo ru àpò ìwé méjèèjì tẹ̀lé e. Ìfẹ́ wúwo, ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n kò tó ìwé.

Àǹtí Eduvigis ló ṣílẹ̀kùn. Wọ́n wo tíṣà, wọ́n wo elégédé. Tíṣà ò lè mí dáadáa. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mo mọ̀ pé a kì í bèèrè, ṣùgbọ́n mò ń bèèrè: ṣé ẹ̀yin lẹ fi èyí ránṣẹ́?" Àǹtí ní, "Èmi? Kí n máa fi elégédé tó dára báyìí ṣòfò lára ọkùnrin? Àwọn mẹ́ta tí mo kọ̀ tẹ́lẹ̀, ẹnu lásán ni mo fi kọ̀ wọ́n. Gbé e wọlé, ó máa bá ẹ̀wà mu." Wọ́n yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ó kọjá. Kọ́là funfun náà wà lọ́rùn wọn, ní ọjọ́ Sátidé, láàárọ̀, tí kò sí ibi tí wọ́n ń lọ.

Bí mo ṣe wọ ilé náà fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún méjì nìyẹn. Mo rí igun. Àga kan ló wà níbẹ̀, àga tíṣà sì kọjú sí i tààrà. Irọ́ ni ìwọ̀n mi pa. Wọ́n se elégédé náà mọ́ ẹ̀wà, a jẹ ẹ́, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àwo tèmi ni Rosenda bù kún jù. Mo bi tíṣà kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé kí ni ó túmọ̀ sí bí obìnrin bá bu elégédé fún ọkùnrin lórí tábìlì. Ó ní ẹ̀rí tí òun ní kò tíì tó.

Lẹ́yìn oúnjẹ, Rosenda sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Kò pariwo, ìbá sàn kó pariwo. Ó ní, "Ọdún méjì lo fi wà níwájú mi. O rí ọkùnrin kan nínú ilé, o ò bi mí. Ẹnu mi wà níbí, o lọ rán elégédé." Mo ní owú ni. Ó ní, "Mo mọ̀ pé owú ni. Má wá sójú fèrèsé mọ́. Èmi náà máa fi èsì ránṣẹ́ sẹ́nu ọ̀nà rẹ. Nígbà tí o bá rí i, wàá mọ̀."

Ẹ̀gbọ́n, ó di ọjọ́ kẹwàá lónìí. Ìgbéyàwó Àǹtí àti tíṣà ti wà fún ẹ̀yìn Àjíǹde, nǹkan kan ò sì di Rosenda lọ́wọ́ mọ́ láyé yìí, àfi ọkàn ara rẹ̀. Láràárọ̀ ni mò ń ṣílẹ̀kùn tí mò ń wo ilẹ̀. Lánàá, mo rí ohun róbótó kan níbẹ̀. Bọ́ọ̀lù àwọn ọmọ aládùúgbò ni. Wọ́n sì sọ fún mi pé ẹni tó ń pín lẹ́tà dúró lójú fèrèsé Rosenda lọ́jọ́ Ẹtì fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Lẹ́tà kan kì í gba ìṣẹ́jú márùn-ún. N ò bèèrè. Mò ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń bèèrè.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ yín nínú òtútù, kí ẹ̀rọ má gé yín lọ́wọ́, kí ọ̀gá yín máa rí yín bí ọmọ. Kí ó fún ẹ̀yin náà ní ẹni tí ẹ ó máa bá sọ̀rọ̀ láìsí irin láàárín, kí ó sì jẹ́ kí ojú yín rí gbogbo igun ilé náà. Ìyá wa ní kí ẹ máa wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì.

Èmi ni àbúrò yín tòótọ́, ẹni tí owú sọ di olùṣọ́ ẹnu ọ̀nà ara rẹ̀,

Crispín.

Àfikún: Mo tún lẹ́tà yìí ṣí láàárọ̀ ọjọ́ Rú. Ìdì kékeré kan wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n fi aṣọ funfun tó ṣẹ́kù lára kọ́là Àǹtí wé e. Ìyá wa ló tú u. Ìlàjì ọsàn ni. Ẹ̀gbọ́n, ẹ lọ bá ọ̀gá yín, ẹ tọrọ àyè. Ṣùgbọ́n mo ti yí i sọ́tùn-ún, mo ti yí i sósì, mo yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa: ọ̀bẹ ni wọ́n fi gé e, ìlàjì kejì ò sì sí nínú aṣọ náà. Ta ló jẹ ẹ́? Mò ń lọ sójú fèrèsé báyìí. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹnu ni n ó fi bèèrè.